Ìgò Ìmọ́lẹ̀ àti Àpáta Apaná

Ẹ fún mi láyè kí n na ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń fọ́ ẹ̀pà kó yára fọ́ ọ tán, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjò ti lé gbogbo yín wá sábẹ́ àtíbàbà mi, kò sì sí ẹni tó lè lọ sóko mọ́ lónìí. Ẹ kúkú jókòó. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti pa ẹfọ̀n mẹ́rìnlá. Mo ti bá ẹkùn sun inú ihò kan náà láìmọ̀. Ilẹ̀ mọ́, a wo ara wa, ẹkùn ló kọ́kọ́ sá. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe kò tó ìdajì ohun tí Ọdẹ́lẹ́yẹ ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Bí ẹ bá rí i pé mo dákẹ́ láàárín, ẹ má tì mí.

Ọdẹ ni Ọdẹ́lẹ́yẹ ní ìlú Ìrókò-Méjì. Kò lówó, kò sì lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Bó bá gbé ìbọn sókè, eṣinṣin lè bà lé e kó sì sùn lọ. Abọ́sẹ̀dé ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, obìnrin tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ń sọ pé bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ènìyàn láàárọ̀, ọ̀sán ni yóò kí i tán. Àjàgbé, oríkì ọkọ rẹ̀, ló fi máa ń pè é. Inú Ọdẹ́lẹ́yẹ a máa dùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kì í la ẹnu nínú igbó, ohùn ìyàwó rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé òun ti délé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Abọ́sẹ̀dé lọ ṣa ìgbín. Òjò ká a mọ́ inú igbó, ó sì sá wọ ihò àpáta kan. Kò mọ̀ pé Àpáta Apaná ni, àpáta tí àwọn baba wa kì í tọ́ka sí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ débẹ̀ lọ́sàn-án, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún, ó tinrín, ó jìnnà.

“Àjàgbé, èmi rèé, wá mú mi lọ sílé.”

Ọdẹ́lẹ́yẹ kó òkúta kábáìdì sínú àtùpà iwájú orí rẹ̀, ó kán omi sí i, ó ṣáná sí i, ó tàn yòò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú àpáta, iná kú. Atẹ́gùn kọ́ ló fẹ́ ẹ. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan fi ètè tútù pa á. Ó tan ògùṣọ̀, ògùṣọ̀ kú. Ó tàn án nígbà méje, ó kú nígbà méje. Ó wá so okùn mọ́ igi, ó sì wọ inú òkùnkùn lọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ó rí ara rẹ̀ níta, okùn náà sì ti wé mọ́ ọn lọ́rùn. Kò mọ ẹni tó wé e.

Ó sáré lọ bá Ògúnrónbí, olórí àwọn ọdẹ, àgbàlagbà tí eyín méjì péré kù lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ gbà mí, Baba. Abọ́sẹ̀dé wà nínú Apaná.”

Baba náà fà á jókòó. “Ọdẹ́lẹ́yẹ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Fi iná sílẹ̀. Iná ni oúnjẹ àpáta yẹn. Bó bá jẹ iná tán, ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ló kàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ mọ̀ láyé ló ti jẹ, àfi gbólóhùn kan ṣoṣo tó fi eyín dì mú. Kí ló wí?”

Ọdẹ́lẹ́yẹ wí i fún un. Baba kà á lórí ìka.

“Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ. Ẹyọ kan ni yóò máa jẹ lóòjọ́, láti iwájú bọ̀ wá sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, á jẹ ẹni tó ni ẹnu.”

“Kí ni kí n ṣe, Baba?”

“Wá ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣe iná. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlú Yanrìn, lẹ́yìn Igbó Àìdáhùn. Bí o bá sì padà wọ inú Apaná, má la ẹnu rẹ. Ọ̀rọ̀ tìrẹ náà dùn ún jẹ.”

“Ta ló ti lọ tó bọ̀?”

“Baba mi ló sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ náà wà. Kò dárúkọ ẹni tó bọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, kí Ọdẹ́lẹ́yẹ tó lọ, ó yà lẹ́nu àpáta, ó tẹ́tí. “Èmi rèé, wá mú mi lọ sílé.” Orúkọ ọkọ, Àjàgbé, ni àpáta kọ́kọ́ jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aya nílé, ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tí kì í sunkún yẹn sunkún títí ó fi wọ inú igbó.

Igbó Àìdáhùn rèé! Bí ẹ bá pe ènìyàn níbẹ̀, kò sí gbohùngbohùn. Àwọn ẹyẹ ń la ẹnu, ọ̀fun wọn ń mì, a kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn igi ibẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i bó ṣe ń bọ̀. Bó bá sì ti kọjá, wọ́n á rọra yí padà láti wò ó lọ. Èmi ìbá ti yìnbọn fún ọ̀kan nínú wọn, nítorí mi ò fẹ́ ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n Ọdẹ́lẹ́yẹ ní ohun tó ń lé e.

Etí odò kan ló ti bá arúgbó obìnrin kan tó ń fi kọ̀nkọ̀sọ̀ jọ yanrìn. Ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Kò sí ẹyinjú níbẹ̀, kò sí imú, ẹnu nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.”

“Ọdẹ, já àlọ́ mi kí o kọjá. Nígbà tí mo wà lódindi, òkùnkùn ni mí. Ẹ fọ́ mi sí méjì, òkùnkùn ni mí. Ẹ fọ́ mi kúnná ju ìyẹ̀fun lọ, títí ojú kò fi rí mi mọ́, ìgbà yẹn ni gbogbo ayé á rí mi. Kí ni mí?”

Ọdẹ́lẹ́yẹ ronú bí ọdẹ ṣe ń ronú. Kí ló dúdú, tí a ń gún kúnná, tó wá ń tàn gbòlà? “Ẹ̀tù ìbọn ni, Ìyá.”

“Iná ni ẹ̀tù!” Ẹ̀rín arúgbó náà kò ní ìró. “Iná ló wà lórí gbogbo yín. Èyí tó o sọ yẹn kì í ṣe òun, mo sì máa gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ kí o tó kọjá.”

Ó bu ilẹ̀ tí Ọdẹ́lẹ́yẹ tẹ̀, ó dà á sínú kọ̀nkọ̀sọ̀, ó jọ̀ ọ́. Nǹkan kan ń bọ́ sódò, kó, kó, kó. Ìró ẹsẹ̀ Ọdẹ́lẹ́yẹ ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá rìn lórí ewé gbígbẹ, ẹ kò ní gbọ́ ọ. Bó bá fò lulẹ̀ láti orí igi, ẹ kò ní gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín pé ẹ̀bùn ọdẹ nìyẹn? Ẹ ní sùúrù.

Kò sí oòrùn ní Ìlú Yanrìn. Ojú ọ̀run ibẹ̀ rí eérú eérú, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló sì ń tàn. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ga tó igi ọ̀pẹ, ó pọ́n bí ẹyin iná, àmọ́ kò gbóná. Àwọn géńdé wọn tó ènìyàn, wọ́n ń tàn ní àwọ̀ ọsàn. Àgbà wọn kò ju orúnkún lọ, àwọ̀ aró ló ń jáde lára wọn. Bí wọ́n bá ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń kéré, títí ọ̀kan á fi di ojúàmì aró kan ṣoṣo lórí ẹní, á sì pòórá. Wọn kì í sọ pé ẹnìkan kú níbẹ̀. Wọ́n á ní ó ti kúnná. Nígbà tí Ọdẹ́lẹ́yẹ ń kọjá, wọ́n jáde sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ń wo òjìji rẹ̀ nílẹ̀, nítorí wọn kò ní irú rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ wọn ni Baba Wínníwínní. Kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ẹwìrì, kò sí òòlù, kò sí ẹyin iná. Àwo omi kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú òkúta eérú kan tó ń dán bí dígí. Ọdẹ́lẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tó lè fi ìka kan gbé.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣe iná ni mo wá gbà. Ìyàwó mi ń bẹ nínú Apaná.”

“Ọ̀rọ̀ mélòó ló kù fún un?”

“Mẹ́fà lónìí, Baba.”

Baba Wínníwínní ju òkúta eérú náà sí i. Kíá, Ọdẹ́lẹ́yẹ fọ́ díẹ̀ létí òkúta náà, ó kó o sínú àtùpà orí rẹ̀, ó kán omi sí i, ó sì ń retí.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Mo fún un lómi ni, Baba. Òkúta tó bá fẹ́ tàn, omi ló ń mu.”

Baba rẹ́rìn-ín títí àwọ̀ aró ara rẹ̀ fi ń mì. “Kábáìdì tiyín nìyẹn. Inú yanrìn la ti yọ èyí. Bí mo bá gbé e fún ọ tó òkè, inú òkùnkùn ni ìwọ àti òkè rẹ máa jókòó sí. Ìwọ ọdẹ, ẹran tó tóbi jù lò ń wá. Níhìn-ín, èyí tó kéré jù lọ̀gá.”

Ibẹ̀ ni àlọ́ arúgbó yẹn ti já sí Ọdẹ́lẹ́yẹ lọ́kàn, pé òkúta tí a fọ́ di eruku ni, ṣùgbọ́n ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ ná.

“Di òkúta náà mú sínú omi,” ni Baba wí. “Ọjọ́ méjì ni. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n, eruku á tóbi níbì kan, á kéré níbì kan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dàrú. Mi ò ní ṣe òmíràn.”

Ó ṣí ihò kan lára ògiri. Okùn ìmọ́lẹ̀ kan jáde, ó tinrín ju òwú aláǹtakùn lọ, ó tọ́ gan-an, ó bà lé òkúta lábẹ́ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: tá, tá, tá, bí ẹyẹ àkókó lára igi. Kò sí ọwọ́ tó mú un. Ní gbogbo ìgbà tó bá sọ, èéfín díẹ̀ á tú sínú omi, omi náà sì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi àgbo. Okùn yẹn gé èékánná ọwọ́ òsì Ọdẹ́lẹ́yẹ mẹ́ta lọ, kò mira. Ó rí eegun ọwọ́ ara rẹ̀ nínú omi bíi pé ẹran ara ti kúrò lórí rẹ̀, kò mira. Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ náà, ẹnìkan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ ní ohùn Abọ́sẹ̀dé gan-an pé, “Àjàgbé.”

Ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe Abọ́sẹ̀dé. Ọ̀rọ̀ tí àpáta jẹ ni, òun ló ń rìn kiri láìní ẹni tó ni ín. Ó tún pè é. Ó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí irun ọrùn rẹ̀ fi dìde. Bó bá yíjú padà báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n. Ọdẹ́lẹ́yẹ di ojú mọ́ òkúta náà, omijé ń kán sínú àwo, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́rìnlá, mo mọ̀ pé mi ò lè ṣe é.

Nígbà tó tán, Baba Wínníwínní rọ omi náà sínú ìgò, ó fi ìda dí i lẹ́nu pinpin. Omi náà kò tàn. Ó wá mú ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan jáde.

“Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń tàn, ojú ẹ̀dá ni kò rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Àpáta náà kò sì ní rí i. Eruku inú ìgò yìí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Fi rọ́pò àtùpà iwájú orí rẹ.”

Ọdẹ́lẹ́yẹ so ó mọ́ orí, ó kọjú sí ìgò. Ìgò náà là pupa fòò, pupa tó mọ́, tó tutù. Ó tún sunkún.

“Má ṣí i,” ni Baba wí. “Afẹ́fẹ́ ń jẹ eruku yìí bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Bó bá wọ̀ ọ́ báyìí, á máa kéré sí i ni. Pupa á di ọsàn, ọsàn á di àwọ̀ ewé, ewé á di aró, lẹ́yìn aró, kò sí mọ́. Wo ara mi.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, Ọdẹ́lẹ́yẹ dé oríta mẹ́ta tó wà létí igbó Ìrókò-Méjì. Ẹ mọ oríta yẹn. Kò sí ọdẹ ìlú wa tó ń ti oko ọdẹ bọ̀ tó lè kọjá níbẹ̀ láìfún Ògún ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tó mú bọ̀. Ọtí rẹ̀ ti tán, ẹ̀kọ rẹ̀ ti tán, kò pa ẹran kankan. Ìgò náà nìkan ló mú bọ̀. Ó dúró. Ó rántí ohun tí Baba Wínníwínní sọ, ó tún rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ àti ìbúra tó ṣe. Ó ní, “Ẹ̀kán kan péré ni. Ta ni èmi, tí màá gbé ohun ìyanu kọjá lórí Ògún?”

Ó gé ìda náà, ó ta ẹ̀kán kan sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ wọ inú ìgò, ó súfèé wẹ́ẹ́. Ọdẹ́lẹ́yẹ yára fi àtàǹpàkò dí i, ó fi ìda bò ó, ṣùgbọ́n ohun tó wọlé ti wọlé. Nígbà tó fi máa dé ẹnu Apaná, ìgò náà ti di ọsàn. Ẹ má bú u o. Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń bọ nìkan ló lè bú u.

“Mi lọ sílé,” ni ohùn náà wí láti inú àpáta.

Ó pa ẹnu mọ́, ó wọlé. Ìgò náà kò kú! Àpáta ń lá a, Ọdẹ́lẹ́yẹ ń gbọ́ bó ṣe ń lá a, kò rí iná kan jẹ níbẹ̀. Ó gbé ìgò sókè, ó wo ògiri. Ọ̀rọ̀ ló so mọ́ ògiri bí àdán, ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó ti sọnù síbẹ̀ láti ayébáyé, wọ́n ń sọ ara wọn wúyẹ́wúyẹ́. Ó gbọ́ ìkíni Abọ́sẹ̀dé láàárín wọn: ẹ kú àárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa, àwọn ọmọ ńkọ́. Ó na ọwọ́ sí wọn, wọ́n fò lọ sínú òkùnkùn.

Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá pupa bó ṣe yẹ, ì bá ríran jìnnà. Báyìí, kò rí ju apá mẹ́ta lọ níwájú rẹ̀, ihò náà sì tóbi tó ìlú. Kò gbọdọ̀ pè é. Abọ́sẹ̀dé kò sì lè gbọ́ pé ó ń bọ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ìró. Ẹ rántí pé ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ̀. Ọsàn di ewé. Ó gbọ́ ọ lápá ọ̀tún lọ́jọ́ keje, “Lọ sílé,” bíi pé ó ń lé e. Ó ń rìn, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ewé di aró. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ìgò náà kò tàn ju tanátaná kan lọ.

“Sílé.”

Iwájú rẹ̀ gan-an ni. Abọ́sẹ̀dé jókòó, agbọ̀n rẹ̀ wà lórí itan, ìkarahun ìgbín yí i ká. Ó ti gbẹ. Ọdẹ́lẹ́yẹ fọwọ́ kàn án, obìnrin náà ta gìrì, ó fẹ́ sá. Ọkọ rẹ̀ yára gbé ìgò sí ojú ara rẹ̀ kó lè rí i. Abọ́sẹ̀dé wò ó. Ó wo ìgò. Omi ló rí, ọjọ́ mẹ́jọ sì rèé tó ti ń lá ara àpáta. Ó já ìgò gbà, ó ya ìda rẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ mu kí ọkọ rẹ̀ tó lè na ọwọ́.

Òkùnkùn ṣú biribiri. Ọdẹ́lẹ́yẹ kò lè pariwo. Ó kàn dì í mú, ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí àwọn méjèèjì kúkú kú pọ̀.

Bó ṣe tẹrí ba, ìlẹ̀kẹ̀ iwájú orí rẹ̀ kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Ara Abọ́sẹ̀dé là láti inú wá. Àwọ̀ aró là nínú ọ̀fun rẹ̀, ó là láàárín egungun ìhà rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ inú ibẹ̀ láti jẹ ẹ́. Nísàlẹ̀ ikùn, Ọdẹ́lẹ́yẹ rí ọmọ kékeré kan tó ká jọ, kò ju ìkúùkù lọ, ó ń yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ náà. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun lóyún. Òun ló fi ríran jáde. Ó ń rìn sẹ́yìn sẹ́yìn, ó di ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé méjèèjì mú, ìlẹ̀kẹ̀ náà kọjú sí ikùn, ọmọ náà sì ń tan ọ̀nà fún ìyá àti bàbá rẹ̀ títí wọ́n fi rí oòrùn.

Níta, Ọdẹ́lẹ́yẹ la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ kẹfà. “Abọ́sẹ̀dé, pẹ̀lẹ́. Ṣé kò sí nǹkan?”

Abọ́sẹ̀dé, obìnrin tó ń kí ènìyàn láti àárọ̀ di ọ̀sán, la ẹnu, ó wá ọ̀rọ̀ títí.

“Sílé,” ló wí.

Kò sí òmíràn. Títí ó fi darúgbó, kò sí òmíràn.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó bí ọmọkùnrin kan. Èmi ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, mo ti ní kí ẹ má tì mí bí mo bá dákẹ́.

Baba mi sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní bí òun kò bá ṣí ìgò yẹn, ọjọ́ kẹfà gan-an lòun ì bá rí i, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ì bá sì kù fún un. Ó kà á lórí ìka tí kò ní èékánná: mi, lọ, sílé. Mo ní kó má banú jẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré ni méjì tó lọ yẹn. Ó wò mí títí.

“Kékeré ni, ọmọ mi,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ì bá gbé ọ lé ẹsẹ̀ nígbà tó bí ọ, kó fọwọ́ kàn ọ́ láyà, kó ní: Mi.”

Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń sunkún ìyá lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ àdúgbò wa ló mọ ohùn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, á jáde sí ẹnu ọ̀nà, á pè é lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa á sì sáré, ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ tó máa kú, mo bi í pé, “Ìyá mi, ibo lẹ ń lọ?” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ohun tó dá mi lóhùn.

Òjò ti dá. Ẹ dìde, kí àwọn èèyàn yín má máa wá yín kiri. Ẹ gbé agbọ̀n yín. Sílé.